Àpótí Ìbọn Tí Kò Gba Nọ́ńbà Mi Mọ́

Lọ́jọ́ tí àpótí ìbọn mi kọ̀ tí kò ṣí, ọmọ bíbí inú mi ni mo kọ́kọ́ pè ní olè. Mi ò tíì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ o, inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti pè é. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Ohun tí mo bá ti sọ nínú, kì í pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbọn ṣe dé ilé mi, kí ẹ má baà rò pé jàǹdùkú ni mí. Ìbọn ọdẹ ni, ẹlẹ́nu méjì, ti bàámi ni. Láti Èjìgbò ni wọ́n ti wá sí Abidjan. Wọ́n ta aṣọ ní Treichville títí wọ́n fi darúgbó, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, wọn á gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di oko. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn àbúrò mi ń pín ilẹ̀, èmi mú ìbọn. Mo lọ ṣe ìwé àṣẹ rẹ̀ lórúkọ ara mi, nítorí mi ò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n ìjọba. Òkété mẹ́ta péré ni mo fi pa láyé mi, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́lé sí Songon, lẹ́bàá ọ̀sà, ìyàwó mi ní òun ò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìbọn wà lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Mo lọ sí ọjà Roxy ní Adjamé, mo ra àpótí irin gíga kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́fírì. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Bọ́tìnnì onínọ́ńbà wà lójú ẹ̀. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ilẹ̀kùn á gbà. Kọ́kọ́rọ́ kan sì bá a wá, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní pọ́ọ̀tù, ní èbúté ọkọ̀ òkun, èyí tí mo lò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun náà ni mo fi sí i. Faransé ni mo fi ń kà á sínú tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń ka nọ́ńbà níbí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà mọ̀ pé irin kì í sinmi níbẹ̀. Ọ̀bẹ tí ẹ fọ̀ lálẹ́, ẹ máa bá a láàárọ̀ tó ti ń dógùn-ún. Nítorí náà, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ti àpótí yẹn ni. Màá ti ilẹ̀kùn yàrá. Màá gbé ìbọn jáde, màá fi òróró nù ún nínú lóde. Màá kán epo máṣíìnì ìránṣọ síbi tí ilẹ̀kùn àpótí ti ń yí. Màá tú ilé bátìrì wò, bóyá wọ́n ti ń yọ omi funfun. Lẹ́yìn náà màá pààrọ̀ àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà. Àwọn oníbàtà ní Roxy ló ń kó o pamọ́ fún mi. Wọ́n rò pé oògùn ni mo fi ń ṣe, mi ò sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Iṣẹ́ wákàtí kan ni gbogbo ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, òun nìkan ni iṣẹ́ tó kù tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo tẹ nọ́ńbà mi. Iná pupa, píì, píì, píì. Mo tún un tẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ikùn aláìsàn. Iná pupa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àpótí náà ké gbọọrọ, ó sì dákẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é: téèyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò panu dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní, "Ta lò ń pè lólè? Èmi tí mo rà ọ́!"

Mo ní bóyá bátìrì ni. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, mo ra tuntun mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ fi wọ́n sínú tọ́ọ̀ṣì, nítorí mi ò fọkàn tán ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó lè ta òkú fún èèyàn nínú ọ̀rá tuntun. Tọ́ọ̀ṣì tàn rekete. Mo kó wọn sínú ilé bátìrì àpótí, lẹ́yìn bọ́tìnnì níta. Mo tẹ nọ́ńbà. Iná pupa.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Bátìrì tó ti kú kì í tan iná kankan. Àpótí yìí ò kú. Ó gbọ́ mi, ó kàn ní irọ́ ni mò ń pa. A jẹ́ pé ẹnìkan ti yí nọ́ńbà padà. Mo bá lọ wá kọ́kọ́rọ́. Inú bàtà dúdú tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni mò ń fi í pamọ́ sí, bàtà ẹsẹ̀ òsì, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo gbé ìbọ̀sẹ̀ kúrò. Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀.

Háà! Ìwé àṣẹ ìbọn yẹn, fọ́tò mi ló wà lára ẹ̀. Tí ẹnìkan bá gbé e lọ jalè, tí ẹ̀mí bọ́, èmi ni wọ́n máa wá mú, èmi àgbàlagbà, wọ́n á mú mi gba iwájú àwọn aládùúgbò kọjá. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Èèyàn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé náà: èmi, ìyàwó mi, àti àkọ́bí wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló kó ẹrù dé láti Yopougon. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, kí n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mò ń wò ó. Ẹni tí kò níṣẹ́, tó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó ń kun bàtà, níbo ló ń lọ? Tí mo bá bi í, á ní, "Mò ń wáṣẹ́ ni, Pápà." Wọ́n ń wáṣẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ nínú ike? Á sì dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ṣe làálàá láti àárọ̀. Mo ní hùn-ún.

Ó tún kù. Tí òun àti ìyá ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì, bí mo bá ti yọjú báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Ìyá ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ọbẹ̀ kan kì í gba iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo tilẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán, tí mo bá a tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, tó ń wò mí. Kí ló ń wò? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá baba sùn dáadáa, ohun kan ló fẹ́ gbé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dẹ pàkúté. Mo bu pọ́ńdà ìyàwó mi, mo fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sórí àwọn bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ní inú ń run mí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú àpótí. Ẹ gbà mí! Pọ́ńdà ti ṣí. Ojú ìka wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, láti oókan títí dé ẹẹ́sàn-án, àti òdo. Pọ́ńdà tó kù sì ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ. Mo ní òógùn olè nìyẹn. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà tó ń wá a kiri ló ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kí ọmọ náà wá bá mi wo aago ọwọ́ mi. Bó ṣe na ọwọ́, mo gbá a mú, mo gbóòórùn ẹ̀. Ọṣẹ ni mo gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó rí baba ẹ̀ tó ń jẹ koríko. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Olè tó gbọ́n a máa fọwọ́.

Ìdí oúnjẹ ọ̀sán ni sùúrù mi ti pin. Àtíékè, gbágùúdá rírin tí wọ́n fi ooru sè, àti ẹja díndín ló wà nílẹ̀. Mo ti bu òkèlè kejì, mo bá gbé e sílẹ̀.

"Níbo lo gbé ìbọn bàámi sí?"

Ó wo ìyá ẹ̀. Kò wò mí o, ìyá ẹ̀ ló wò. "Pápà, mi ò gbé e lọ síbì kankan."

"Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ nínú bàtà mi?"

Ó tún wo ìyá ẹ̀. Obìnrin yẹn, tí kì í dákẹ́ tí mo bá ń bá ọmọ ẹ̀ wí, kó àwo tí àtíékè ṣì wà nínú ẹ̀, ó gbé e lọ fọ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Lọ́la, alákọ́kọ́rọ́ ń bọ̀. Ó máa ṣí àpótí yẹn lójú gbogbo wa. Tí ìbọn ò bá sí níbẹ̀, kó ẹrù ẹ, kó o kúrò nílé mi, mi ò sì bí ẹ mọ́." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé mo sọ ọ́, ó sì tún bà jẹ́. Ọmọ náà kàn ní, "Ẹ ṣé, Pápà," ó dìde.

Alákọ́kọ́rọ́ náà dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkùnrin Jùlá kan láti Adjamé, tó ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò ilé-ìwé ọmọdé. Mo kí i ní èdè rẹ̀, "Íní sọ̀gọ̀má," ó kí mi padà, ó bọ́ bàtà. Ọmọ mi dúró lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú bàtà dídán lẹ́sẹ̀, ó ń wo aago. Ìyàwó mi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde.

Ọkùnrin náà tú ojú bọ́tìnnì, ó ká rọ́bà tó bò wọ́n kúrò. Ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka sí imú.

"Tọ́ńtọ́n," bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà níbí, "ta ló ń din ẹja lórí àpótí yín?"

Mo ní kí ló dé. Ó fi hàn mí. Òróró ló kún abẹ́ gbogbo bọ́tìnnì, ó ti pò pọ́ńdà mi mọ́ra, ó ti di ẹrẹ̀. Ó ní tí mo bá tẹ ẹyọ kan, á lẹ̀, àpótí á gbọ́ méjì tàbí mẹ́ta. "Ẹnikẹ́ni ò yí nọ́ńbà yín padà. Nọ́ńbà yín ni kò débẹ̀."

Ìyàwó mi ní, "Èmi ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni ìyàwó mi ń lọ, kò sì sí ohun tí kì í fi òróró àdúrà sàmì sí: gáàsì ìdáná, mítà iná, táyà ọkọ̀. Ó fi sàmì sí tẹlifóònù mi lọ́dún kan, kò dún mọ́ títí dòní. Wàyí o, ó ní láti oṣù kan sẹ́yìn, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí òun tó jáde, òun ń fi òróró ya àgbélébùú sórí bọ́tìnnì àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtúsílẹ̀ ni. Mo ní, "Obìnrin yìí, o ti fi òróró yan irin lọ́ba!" Alákọ́kọ́rọ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan àti òun ló rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun máa nù ún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló máa yá jù láti fi ṣí i. Mo tún rántí. Mo yíjú sí ọmọ mi. Ìyàwó mi ti tú etí ìró ẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, ó nà án sí alákọ́kọ́rọ́. Kò nà án sí mi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìbọn bàámi wà níbẹ̀, ó dúró bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kò dógùn-ún rárá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo wo ìwé àṣẹ, ó pé. Mo gbé páálí ọta, ó fúyẹ́. Mo ṣí i, kò sí ọta kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

"Ọta dà?"

Ọmọ mi ní, "Wọ́n wà nínú ọ̀sà, Pápà. Èmi ni mo lọ dà wọ́n síbẹ̀."

"Ṣé orí ẹ pé? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ariwo mi dé ilé kejì.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jókòó, bàbá àwọn ọmọ mi."

"Mi ò jókòó!"

"Ẹ jókòó. Èmi ni mo rán an." Kò gbóhùn sókè. "Ọjọ́ tí ẹ dé láti ibi tí wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ yín ti pọ́ọ̀tù, kí lẹ sọ nídìí oúnjẹ?"

Mo ní mi ò rántí.

"Ẹ ní ẹni tó kú ti sinmi, ó ku ẹ̀yin, ẹ ò sì ní jẹ́ kó dúró dè yín pẹ́. Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni mo pe ọmọ yìí. Iṣẹ́ kankan ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Láti Songon ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, wákàtí méjì lọ, méjì bọ̀, kó lè máa sùn sínú ilé tí ẹ wà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ jà. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, gbogbo àgbàlagbà ló ń sọ ọ́, ṣé wọ́n á máa ṣọ́ mi bí wèrè nítorí ìyẹn?

"Sátidé oṣù tó kọjá ńkọ́? Iṣẹ́ wákàtí kan lẹ máa ń ní ó jẹ́. Aago mẹ́sàn-án lẹ ti ilẹ̀kùn. Mo kàn án ní mọ́kànlá, ẹ ò dáhùn. Mo kàn án ní méjìlá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ èémí yín. Mò ń kà á. Ó kọjá aago kan kí ẹ tó jáde, tí ẹ béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná." Ó fi etí ìró nu ojú. "Lọ́jọ́ kejì ni mo mú kọ́kọ́rọ́. Mo ti ń fọ ìbọ̀sẹ̀ yín fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣé mi ò ní mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni?"

Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo bàtà ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà sí i lọ́rùn ló ń dé bá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: jíjí ìdájí, oúnjẹ inú ike, ìdúró ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo sùn. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti oṣù mẹ́ta, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń ṣọ́.

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn, aago mẹ́wàá ni mo ti nu ìbọn tán. Láti mẹ́wàá títí dé kan kọjá, mo gbé e lé itan, páálí ọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí mò ń rò, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Mo gbọ́ bó ṣe kan ilẹ̀kùn ní mọ́kànlá. Mo gbọ́ ti méjìlá. Mo gbọ́ nígbà tó jókòó sílẹ̀, nítorí orúnkún ẹ̀ máa ń dún. Èmi náà ń gbọ́ èémí tiẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí ebi fi pa mí.

Nítorí náà mo pa ẹnu dé.

Alákọ́kọ́rọ́ náà ti nu bọ́tìnnì tán. Kò mọ ibi tó máa wò. Ó rọra ní, "Tọ́ńtọ́n, mo ti tún un ṣe. Nọ́ńbà wo ni kí n fi sí i?"

Mo ní, "Béèrè lọ́wọ́ Màdáàmù." Mo jáde sí ìta, mo dúró lẹ́bàá igi máńgòrò. Láti ibẹ̀ mo gbọ́ píì mẹ́rin, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn irin pa dé.

Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó padà sí Yopougon, pé ọ̀nà ti jìn jù, ó ní ẹja ibí dùn. Mi ò mọ bí baba ṣe ń bẹ ọmọ, wọn ò kọ́ mi. Èmi ni mò ń kun bàtà ẹ̀ ní aago márùn-ún báyìí, kó lè sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Tí Sátidé àkọ́kọ́ bá dé, a kì í ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́. Ìyàwó mi á wá pẹ̀lú ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà, á jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó tẹ bọ́tìnnì, á wò mí, èmi á sì yíjú sí ògiri. Mi ò mọ nọ́ńbà náà títí dòní. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣe sọ ọ́ fún mi láé, bí mo tilẹ̀ bínú, bí mo tilẹ̀ pariwo, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.